Láti Festac dé Broad Street: Ìrìn Wa ní Òpópó Ìwé

Àwọn baba wa a máa wí pé ẹni tí ó bá rìn jìnnà ni í rí abuké ọ̀kẹ́rẹ́. Ìrìn tí a fẹ́ ròyìn rẹ̀ fún yín yìí kò jìnnà rárá, nítorí pé ní ọjọ́ Sátidé kan náà ni a lọ tí a sì padà bọ̀. Síbẹ̀ a rí ohun tí a kò rò tẹ́lẹ̀, kò sì yẹ kí a nìkan jẹ ẹ́ ní àjẹdánu.

Ohun tí ó gbé wa dìde ni èyí. Ní ìlú Festac, ní Ìjọba Ìbílẹ̀ Amuwo-Odofin, ni ilé ẹ̀gbọ́n wa wà. Ó ní ọmọbìnrin kan, ọmọ ọdún méjìlá, tí ó já fáfá nínú ẹ̀kọ́ rẹ̀. Ní àkókò ìsinmi tí ó kọjá, wọ́n mú ọmọ náà lọ kí ìyá wa àgbà ní Abẹ́òkúta. Ojú ìyá ti di bàìbàì, kò lè kàwé mọ́. Ní alẹ́ ọjọ́ kan, ìyá gbé ìwé Yorùbá kan tí ó ti gbó jáde láti inú àpótí rẹ̀, ó sì ní kí ọmọ náà ka ojú ewé kan péré sí òun létí. Ọmọ náà gba ìwé, ó wò ó síwá, ó wò ó sẹ́yìn, ó sì bú sẹ́kún. Gẹ̀ẹ́sì a máa yọ̀ lẹ́nu rẹ̀ bí omi, ó sì ń gbọ́ Yorùbá, ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni kò kọ́ ọ ní kíkà rẹ̀ rí. Ìyá kò bá a wí. Ó pa ìwé náà dé, ó ní, “Má sunkún mọ́, ọmọ mi. Kì í ṣe ẹ̀bi rẹ.” Ẹ̀gbọ́n wa sọ fún wa pé gbólóhùn ìkẹyìn yìí ni ó dun òun jù, nítorí pé bí kì í bá ṣe ẹ̀bi ọmọ, ẹ̀bi ẹnìkan náà ni.

Nígbà tí a gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí, a ṣe ìlérí fún ọmọ náà pé a ó mú un lọ sí òpópó tí baba wa gbé ra ìwé kíkà àkọ́kọ́ fún wa nígbà tí a wà ní kékeré, èyíinì ni Broad Street ní erékùṣù Èkó.

Ní agogo méje òwúrọ̀ ni a gbéra ní Festac. Kí a tó kúrò níbẹ̀, ó yẹ kí a sọ díẹ̀ nípa ìlú náà, nítorí ọ̀pọ̀lọpọ̀ ni ó ń gbé inú rẹ̀ tí kò mọ ìdí tí a fi ń pè é bẹ́ẹ̀. Àgékúrú orúkọ àjọ̀dún kan ni, àjọ̀dún kejì ti iṣẹ́ ọnà àti àṣà àwọn ènìyàn dúdú gbogbo àgbáyé, tí a ṣe ní Èkó láti ọjọ́ 15 oṣù kìíní dé ọjọ́ 12 oṣù kejì ọdún 1977. Àlejò tí ó lé ní 15,000 ni ó wá: akọrin, oníjó, òṣèré, ayàwòrán àti òǹkọ̀wé, láti gbogbo ilẹ̀ Áfríkà, láti Amẹ́ríkà, Brazil àti àwọn erékùṣù òkè òkun. Nítorí kí wọ́n lè rí ibi wọ̀ sí ni Ìjọba Àpapọ̀ ṣe kọ́ ìlú náà, nǹkan bí 5,000 ilé, pẹ̀lú òpópó ńlá méje. Nígbà tí àlejò tú ká, àwọn ìdílé ni ó kó sínú àwọn ilé wọ̀nyí. Báyìí ni ìlú tí a kọ́ fún olórin àti òǹkọ̀wé ṣe di ìlú akọ̀wé, olùkọ́ àti oníṣòwò.

Bí a ti ń rìn lọ, ohun kan ṣe wá ní kàyéfì. Àwọn àgbà ní ilé ni à ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Ṣùgbọ́n púpọ̀ nínú àwọn òpópó Festac kò ní orúkọ ju iye lọ. Àwọn ńlá ń jẹ́ First Avenue, Second Avenue, títí dé Seventh Avenue. Àwọn tí ó kéré jù wọ́n lọ ń jẹ́ 21 Road tàbí 23 Road. Àwọn tí kò já níwájú sì ń jẹ́ A Close, B Close. Èyí rọrùn fún ẹni tí ń wá ilé kiri, a kò sì tako ó. Ṣùgbọ́n ọmọ tí a bí sí irú òpópó bẹ́ẹ̀ lè gbé ibẹ̀ títí yóò fi dàgbà, kí òpópó náà má sì sọ ìtàn kan ṣoṣo fún un. A wá ilé ìtàwé bí a ti ń lọ. A rí àwọn tí ń ta oògùn, àwọn tí ń dín àkàrà, àwọn tí ń tún fóònù ṣe, àti obìnrin kan tí ó to ìwé ilé-ẹ̀kọ́ mọ́ pẹ́ńsù àti rúlà. Ìwé tí ènìyàn lè kà láti fi dá ara rẹ̀ lára yá, a kò rí i ní ojú ọ̀nà tí a gbà.

Ní Mile 2 ni a wọ ọkọ̀ ojú irin tuntun tí à ń pè ní Blue Line, tí ó bẹ̀rẹ̀ sí í gbé èrò ní ọjọ́ 4 oṣù kẹsàn-án ọdún 2023. Iná mànàmáná ni ó ń gbé e rìn, kìlómítà 13 sì ni láti Mile 2 dé Marina. Káàdì tí a fi ń san owó rẹ̀ ni wọ́n ń pè ní Cowry, èyíinì ni owó ẹyọ. Nígbà tí a sọ fún ọmọ náà pé owó ẹyọ ni àwọn baba ńlá wa fi ń ná ọjà, ó rẹ́rìn-ín, ó ní òun ti rò pé orúkọ ilé iṣẹ́ kan ni.

Nígbà tí a kọjá Orile, Ilé Eré Ìtàgé ti Orílẹ̀-èdè ní Iganmu yọ sí wa, ilé ńlá tí ó rí bí fìlà ọ̀gágun. Ọdún 1976 ni wọ́n ṣí i, kí Festac lè bá a nílẹ̀. Ní ọdún 2024, nígbà tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Wole Soyinka pé ẹni 90 ọdún, wọ́n fi orúkọ rẹ̀ sọ ọ́. Ọmọ náà bi wá pé, “Bàbá, ṣé ibí yìí ni wọ́n ti ṣe Festac?” A ní ibẹ̀ wà nínú rẹ̀. A tún sọ fún un nípa àmì àjọ̀dún náà, ìbòjú eyín erin Ìyá Ọba Idia ti Benin, tí àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì kó lọ ní 1897. A bẹ ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé ti London pé kí wọ́n yá wa lò fún àjọ̀dún náà, wọn kò gbà. Àwọn agbẹ́gilére Benin sì gbẹ́ òmíràn ní àwòṣe. Ọmọ náà dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀, ó sì ní, “Ṣé wọ́n gbàgbé pé tiwa ni?” A kò rí èsì fún un.

Lẹ́yìn èyí ó béèrè irú òpópó tí à ń pè ní òpópó ìwé. A dá a lóhùn pé àwa kò dé Paris rí, ṣùgbọ́n a ti kà á pé òpópó kan wà níbẹ̀ tí ń jẹ́ Boulevard Saint-Germain, níbi tí ilé kọfí Café de Flore àti Les Deux Magots gbé wà. Níbẹ̀ ni àwọn òǹkọ̀wé a máa jókòó ti ife kọfí kan ṣoṣo láti òwúrọ̀ títí ilẹ̀ yóò fi ṣú, tí wọn a máa kọ̀wé, tí wọn a sì máa jiyàn. Láti 1933 ni Les Deux Magots ti ń fún òǹkọ̀wé ní ẹ̀bùn tí a fi orúkọ rẹ̀ pè. Kò jìnnà sí àdúgbò yìí, ní Rue des Écoles, ni ilé ìtàwé Présence Africaine wà. Ọmọ Senegal kan, Alioune Diop, ni ó dá ìwé àtìgbàdégbà tí ń jẹ́ orúkọ náà sílẹ̀ ní 1947, kí àwọn ènìyàn dúdú lè rí ibi tí wọn yóò gbé fi ẹnu ara wọn sọ ọ̀rọ̀ ara wọn. Òun àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ni ó pe ìpàdé àkọ́kọ́ ti àwọn òǹkọ̀wé àti ayàwòrán dúdú jọ ní Paris ní 1956. Láti inú irú ìpàdé bẹ́ẹ̀ ni àjọ̀dún àkọ́kọ́ ti hù, èyí tí a ṣe ní Dakar ní 1966. Àjọ̀dún Dakar ni ó sì ṣáájú ti Èkó. A wí fún un pé, “Ṣé o rí i? Bí a bá tọ ipasẹ̀ ìlú Festac lọ sẹ́yìn, ẹnu ọ̀nà ilé ìtàwé kan ni a ó bá ara wa.”

Ọkọ̀ gun afárá lórí omi, ó sì sọ̀ wá kalẹ̀ ní Marina. A kọ́kọ́ yà wo Kàtídírà Church of Christ, tí a parí kíkọ́ rẹ̀ ní 1946. Níbẹ̀ ni ibojì Bíṣọ́ọ̀bù Samuel Ajayi Crowther wà, ọmọ Ọ̀ṣoògùn tí a kó lẹ́rú ní 1821, tí ó sì ti tẹ ìwé ọ̀rọ̀ Yorùbá jáde ní 1843. Òun àti àwọn tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́ ni ó ṣe Bíbélì Yorùbá, tí gbogbo rẹ̀ pé ní 1884. A mú ọmọ náà dúró níbẹ̀ ní ìṣẹ́jú díẹ̀, nítorí pé bí kò bá sí irú àwọn ènìyàn wọ̀nyí tí ó fi èdè wa sí orí tákàdá, kò ní sí ìwé Yorùbá tí a bá wá rà ní Broad Street.

Láti ibẹ̀ a kọjú sí ìhà Hospital Road, kí a lè gba òpópó náà láti orí rẹ̀. Ọgbà kan wà níbẹ̀ tí à ń pè ní Freedom Park. Ẹ̀wọ̀n ni ibẹ̀ tẹ́lẹ̀ rí. Ní 1885 ìjọba Gẹ̀ẹ́sì kó bíríkì láti ìlú wọn wá fi mọ odi rẹ̀, ọ̀pọ̀ àwọn tí ó jà fún òmìnira ni a sì há mọ́ inú rẹ̀. Ní ọdún 2010, nígbà tí Nàìjíríà pé 50 ọdún tí ó ti gba òmìnira, ọgbà náà ṣí fún gbogbo ènìyàn. Níbi tí igi ìsokọ́ ti wà rí ni wọ́n ṣe ìtàgé sí fún orin àti eré. Ibẹ̀ náà ni ẹgbẹ́ kan tí à ń pè ní CORA ti ń pe àwọn òǹkọ̀wé àti òǹkàwé jọ fún àjọ̀dún ìwé àti iṣẹ́ ọnà ti Èkó, èyí tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní 1999. Ẹ wo bí ayé ti ń yí! Ibi tí a ti ń pa ènìyàn lẹ́nu mọ́ ni a ti ń kàwé sókè nísisìyí.

Ohun kan wà ní òpópó yìí tí a kò lè fò dá. Ní 1859, ní ilé kékeré kan ní Broad Street tí à ń pè ní Ilé Òwú, ni Thomas Babington Macaulay, ọkọ ọmọ Crowther, gbé dá ilé-ẹ̀kọ́ CMS Grammar School sílẹ̀ pẹ̀lú ọmọkùnrin mẹ́fà. Ilé-ẹ̀kọ́ náà ti kó lọ sí Bariga láti 1959. Ọmọ ọ̀gá náà ni Herbert Macaulay, tí gbogbo wa mọ̀. Ní 1928, wọ́n dá Herbert Macaulay lẹ́wọ̀n oṣù mẹ́fà nítorí ọ̀rọ̀ tí ìwé ìròyìn rẹ̀, Lagos Daily News, tẹ̀ jáde lórí ọ̀ràn Ẹlẹ́kọ̀ọ́; orúkọ rẹ̀ sì wà lára àwọn tí ọgbà ẹ̀wọ̀n Broad Street gbà rí. Baba kọ́ àwọn ọmọ ní ìwé kíkà ní òpópó kan. Ìwé títẹ̀ mú ọmọ dé ẹ̀wọ̀n ní òpópó kan náà. Ẹni tí ó bá rò pé ohun eré ni ìwé, kí ó wá rìn níhìn-ín.

A rìn díẹ̀ sí i, a sì dé iwájú ilé 36/38. A kò mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé ibẹ̀ ni yóò dá wa dúró. Ilé náà ni a mọ̀ mọ́ CBAAC, àjọ tí Ìjọba Àpapọ̀ dá sílẹ̀ ní 1979 láti máa tọ́jú àwọn ìwé, àwòrán, fíìmù àti ohùn tí ó kù láti Festac. Nígbà tí a ṣàlàyé èyí fún ọmọ náà, ó gbójú sókè wo ilé náà, ó ní, “Bàbá, ṣé ìwé ìlú wa wà níbí?” A ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó ní kí a wọlé. Ẹ̀bi wa ni pé ọjọ́ Sátidé ni a mú un wá, tí iṣẹ́ ìjọba kì í ṣí. Ó kọ iye ilé náà sẹ́yìn ọwọ́ rẹ̀ pẹ̀lú bírò, ó sì mú wa ṣe ìlérí pé a ó padà wá ní ọjọ́ iṣẹ́. Àwọn òpópó Festac kò ní orúkọ tí ó lè sọ ìtàn fún un, ṣùgbọ́n ìtàn náà kò sọnù. Ó wà nínú àpótí ní Broad Street, ó ń retí ẹni tí yóò béèrè rẹ̀.

Òùngbẹ ti ń gbẹ wá. Ní ìkóríta kan, ará Òkè Ọya kan ń po tíì pẹ̀lú mílíìkì, ó sì ń gé búrẹ́dì sí i. Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni oníwèé ìròyìn kan tẹ́ ọjà rẹ̀ sí. Bí ènìyàn méje ti yí i ká, wọ́n dorí kodò, wọ́n ń ka àkọlé iwájú ìwé, wọ́n sì ń jiyàn nípa owó epo, nípa bọ́ọ̀lù àti nípa ìjọba. A kò rí ẹnìkan nínú wọn tí ó san kọ́bọ̀. Ẹ̀yin náà mọ irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀, àwọn akàwé-ìròyìn-lọ́fẹ̀ẹ́, tí kò sí ìlú kan ní Nàìjíríà tí wọn kò sí. A rẹ́rìn-ín, a sì sọ fún ọmọ náà pé ilé kọfí tiwa nìyí. Lóòótọ́, ẹni tí ó bá fẹ́ mu kọfí láàárín ìwé gan-an lè lọ sí Jazzhole ní Awolowo Road ní Ìkòyí, níbi tí ìwé, orin àti kọfí gbé ń gbé pọ̀. Ṣùgbọ́n kò sí àga tàbí tábìlì kan lọ́dọ̀ onítíì yìí, àwọn ènìyàn sì ń jiyàn lórí ohun tí wọ́n kà bí ẹni pé ogún baba wọn ni wọ́n ń pín.

Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni ó ti rí ní Èkó láti ìgbà pípẹ́. Láàárín 1920 sí 1930, àwọn ìwé ìròyìn Yorùbá hù ní erékùṣù yìí bí olú: Eko Akete ti Adeoye Deniga ní 1922, Eleti Ofe ti E. A. Akintan ní 1923, àti Akede Eko ti I. B. Thomas ní 1928. Nínú Akede Eko ni Thomas gbé tẹ ìtàn Sẹ̀gilọlá jáde díẹ̀díẹ̀ láti 1929 dé 1930, gẹ́gẹ́ bí ìwé tí obìnrin kan ń kọ sí olóòtú láti orí ibùsùn àìsàn. Ọ̀pọ̀ òǹkàwé gbà pé òótọ́ ni obìnrin náà wà láàyè. Kò sí ẹni tí ó kó tábìlì kọfí síta fún wọn. Ilé kan a ra ẹyọ kan, ẹni tí ó mọ̀wé a kà á sókè, àwọn tí kò mọ̀wé a sì gbọ́.

Níkẹyìn a dé ìkángun Odunlami Street, níbi tí Bookshop House dúró sí, ilé gíga tí a parí ní 1973. Ìdí rẹ̀ jinlẹ̀ ju gíga rẹ̀ lọ. Ní 1869 ni ìjọ CMS bẹ̀rẹ̀ ilé ìtàwé wọn ní Èkó, èyí tí à ń pè ní CSS nísisìyí. Ilé ìtàwé yìí ni ó tẹ Ogboju Ode ninu Igbo Irunmale ti D. O. Fagunwa jáde ní 1938, ìtàn àròsọ tí kò sí ilé olùkọ́ kan ní ilẹ̀ Yorùbá tí a kò ti mọ̀ ọ́n nígbà tí àwa wà ní kékeré. Báǹkì àti ọ́fíìsì ni ó yí ilé náà ká lónìí. A rántí baba wa, bí ó ti di ọwọ́ wa mú gba ojú ọ̀nà yìí kọjá, tí ó fi ìwé kíkà kékeré kan sí abẹ́ apá rẹ̀, bí ẹni tí ó gbé ẹyin.

Lábẹ́ òjìji ilé ńlá náà, ní ẹ̀gbẹ́ òpópó, ni a ti bá obìnrin kan tí ó to ìwé sílẹ̀ lórí ọ̀rá. “Ẹ kú ìrìn, bàbá,” ni ó wí, “ìwé wo ni ẹ ń wá?” A ní ìwé kíkà Yorùbá fún ọmọdé, tí ó ní àmì lórí pípé. Ó wò wá bí ẹni pé a béèrè egbin. Ó ní, “Ẹ jókòó, ẹ jẹ́ kí n wá a. Ìwé ìdánwò ni wọ́n ń béèrè lọ́wọ́ mi, àti ìwé bí a ti ń di olówó. Ti Yorùbá, ó ti tó ọjọ́ mẹ́ta kan.” Ó tú àpò mẹ́ta, ó nu eruku, ó sì fà á yọ: ìwé kíkà kan tí ó mọ́ tónítóní, àti ìwé ìtàn Yorùbá kan tí ẹ̀yìn rẹ̀ ti ya. A bèèrè pé kí ló dé tí kò fi wọ́n síwájú. Ó dáhùn, kò sì fi ìbínú sọ ọ́, pé, “Bàbá, ohun tí ẹ bá ń béèrè ni mo ń tò síwájú. Ẹ̀yin ni ẹ ń tò ó, kì í ṣe èmi.”

Ẹ̀yin òǹkàwé wa, ọ̀rọ̀ yìí wọ̀ wá lára. A ti wá síbẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀sùn lẹ́nu. A fẹ́ sùn báǹkì tí ó gba ipò ilé ìtàwé, a fẹ́ sùn àwọn ilé-ẹ̀kọ́ tí ń bu owó ìtanràn lé ọmọ tí ó bá sọ Yorùbá, a fẹ́ sùn ìjọba. Obìnrin tí ó jókòó sórí àpótí yìí fi ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo dá ẹjọ́ wa. Ọdún mélòó ni àwa fúnra wa ti kọjá ní Broad Street, tí a kò ra ìwé Yorùbá kan? A kà á sẹ́yìn, ojú sì tì wá láti sọ iye rẹ̀. A san owó ìwé méjèèjì, kò tó ohun tí a fi ń ra ẹran fún oúnjẹ ọjọ́ Sunday kan.

A sinmi díẹ̀ ní Ìta Tinubu, tí a fi orúkọ Ẹfúnróyè Tinubu pè, ní ẹ̀bá orísun omi tí àwọn ará Lebanon fi ta ìlú lọ́rẹ nígbà òmìnira ní 1960. Lẹ́yìn náà a padà wọ ọkọ̀ ojú irin.

Inú ọkọ̀ yìí ni ohun tí a kò rò ti ṣẹlẹ̀. Ọmọ náà ṣí ìwé kíkà, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kà á wúyẹ́wúyẹ́. Ó dé ibi tí àgbẹ̀ kan gbé ọkọ́ lé èjìká. Ṣùgbọ́n “ọkọ” ni ó pè é, bí ẹni pé àgbẹ̀ náà gbé baálé ilé kan lọ sí oko. Ìyá kan tí ó jókòó kọjú sí wa, tí ó gbé àpò ọjà sí ìtẹ́sẹ̀, bú sẹ́rìn-ín. Ó ní, “Ọmọ mi, ọkọ́ ni, kì í ṣe ọkọ! Ẹnì kan kì í fi ọkọ ro oko.” Baba arúgbó kan fi ìka kan àmì náà, ó ní, “Wò ó, àmì òkè nìyẹn. Dò, re, mí: mí ni kí o pè é.” Ọmọ náà tún un pè, ó sì gbà á. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí ó ti ń wo fóònù rẹ̀ láti Marina yọ ohun tí ó kì bọ etí kúrò, ó súnmọ́ wa, ó sì fi ohùn kékeré wí pé, “Ẹ jọ̀wọ́ sà, kí ni ti àmì tí ó dorí kodò yẹn?” Kí a tó dé Orile, ènìyàn márùn-ún ni ó ti ń bá wa wo ìwé kan, tí ìyá ọlọ́jà àti baba arúgbó sì ń jiyàn lórí bí àwọn ará Ẹ̀gbá àti àwọn ará Ìjẹ̀bú ti ń pe ọ̀rọ̀ kan. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Àwọn àgbà yìí kò jẹ́ kí ó wọ́. Bí a ti dé Mile 2, ó dùn wá láti sọ̀kalẹ̀.

Ohun tí ìrìn yìí kọ́ wa ni pé kì í ṣe ilé gíga ni ń sọ òpópó di òpópó ìwé, kì í sì í ṣe kọfí. Ènìyàn ni: ẹni tí ó rà, ẹni tí ó kà á sókè, àti ẹni tí ó fi etí sílẹ̀ láti tún un ṣe. Níbi tí àwọn mẹ́ta wọ̀nyí bá ti pàdé, ì báà ṣe ẹ̀gbẹ́ onítíì, ì báà ṣe inú ọkọ̀ ojú irin, ì báà ṣe ìyẹ̀wù kan ní 23 Road ní Festac, òpópó ìwé ti dé ibẹ̀. Níbi tí wọn kò bá sì sí, bí a tilẹ̀ kọ́ ilé ogún àjà, báǹkì ni yóò gbà á níkẹyìn.

Nítorí náà ni a ṣe bẹ gbogbo ilé tí ó bá ń ka ìwé ìròyìn yìí. Ẹ má retí ilé-ẹ̀kọ́ nìkan. Ní ìbẹ̀rẹ̀ sáà ẹ̀kọ́ kọ̀ọ̀kan, ẹ ra ìwé Yorùbá kan mọ́ àwọn ìwé yòókù. Lẹ́yìn oúnjẹ alẹ́, kí ọmọ kan ka ojú ewé kan sókè, kí àgbà kan sì jókòó tì í láti tún un ṣe. Ọ̀rọ̀ pọ̀ nínú ìwé kọ́bọ̀. Nígbà tí ẹ bá sì kọjá lọ́dọ̀ ẹni tí ń tàwé lẹ́bàá ọ̀nà, ẹ béèrè ti Yorùbá, kí ó lè tò ó síwájú.

Ní ọjọ́ Sunday kejì sí ìrìn wa, ọmọ náà pe Abẹ́òkúta lórí fóònù, ó sì ka ìdajì ojú ewé kan fún ìyá. Ó pẹ́ kí ó tó kà á tán, ó ṣì ọ̀rọ̀ mẹ́rin pè, ìyá sì tún gbogbo wọn ṣe. Nígbà tí ó parí, ìyá dákẹ́ títí tí a fi rò pé ìpè ti já. Lẹ́yìn náà ni a gbọ́ ohùn rẹ̀ tí ó ní, “Tún un kà fún mi láti ìbẹ̀rẹ̀.”

Àbọ̀ ìrìn wa nìyí. Ó dìgbà kan ná.